Bí ẹ ṣe lè ra ilé ogún ní Èkìtì láì ra ẹjọ́ mọ́ ọn

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyí: wọ́n rí ilé, ilé wù wọ́n, owó wà lọ́wọ́, ẹni tó ń tà á sì jẹ́ ọmọ onílé lóòótọ́. Ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ àti rìsíìtì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí láti Amẹ́ríkà, ó ní òun ò mọ̀ sí i. Wọ́n á gbé rìsíìtì lọ bá lọ́yà. Lọ́yà á kà á, á mirí.

Bó ṣe ṣe àbúrò màmá mi nìyẹn. Ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní agbègbè Ajílósùn, Adó-Èkìtì, ló rà lọ́wọ́ àkọ́bí baba tó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri kí wọ́n lè tún un kùn, lẹ́tà pupa yọ lábẹ́ rẹ̀: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹnìkan ti kun ún bò kó tó di pé àǹtí mi débẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn obìnrin méjì fi kanlẹ̀kùn. "Ẹ kú ilé o, Mà. Àwa lọmọ onílé. Ta ló ta ilé bàbá wa fún yín?" Rìsíìtì tí àǹtí mi ní, "ilé mi" ni ọkùnrin yẹn kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn ló pa á ní kóòtù. Ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó gbowó sì ti ná an tán.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí. Kò dípò lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa bi lọ́yà, ẹ ó sì mọ ìgbà tí kò tíì yẹ kí ẹ fọwọ́ kan owó.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Lọ́yà tiyín. Lọ́yà tí ẹni tó ń tà mú wá, ire onítọ̀hún ló ń wá.
- Awọnlẹ̀ tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà.
- Ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n ní àwọn ní: rìsíìtì ilẹ̀ tí baba gbà, ìwé survey (àwòrán àti ìwọ̀n ilẹ̀), C of O (ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni) tàbí deed (ìwé tó gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn), plan ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, ìwé ìhágún tàbí Letter of Administration (ìwé tí ilé-ẹjọ́ fi ń yan ẹni tó máa bójú tó ogún).
- Owó ọ̀tọ̀ fún lọ́yà, awọnlẹ̀, wíwá fáìlì, òǹtẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ilé kì í rówó parí ìwé rẹ̀. Ẹ yọ ti ìwé sọ́tọ̀ lákọ̀ọ́kọ́.
- Sùúrù. Bí wọ́n bá sọ pé ẹlòmíràn fẹ́ san owó lọ́la, ẹ jẹ́ kó san án.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ gbogbo ẹni tó ni ilé náà

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Bí bàbá bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ló sábà ń di olórí ẹbí, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ni, kì í ṣe òun nìkan ló ni ín. Ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ ṣì jẹ́ ọmọ. Ìpín rẹ̀ ò bọ́. Ọmọ tí bàbá bí síta tó sì gbà pé ọmọ òun ni, ọmọ náà ni, torí Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn dù ú ní ẹ̀tọ́.

Ohun tí kóòtù máa ń wò bí ẹbí bá ta ilé rèé:

Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tó ṣe kókó bá jọ tà á, títà náà dúró. Bí olórí ẹbí bá dá a tà lórúkọ ẹbí láìsí àwọn yòókù, ó dúró títí dìgbà tí àwọn tí kò mọ̀ sí i bá ní kí kóòtù fọ́ ọ, wọ́n sì lè fọ́ ọ. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á bí ẹni pé tòun nìkan ni, òfo náà ni. Ìyẹn ló bá àǹtí mi.

Ta wá ni àgbà ẹbí tó ṣe kókó? Bí baba bá fẹ́ ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ẹ wá ẹni kọ̀ọ̀kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ti máa ń parí nígbà yẹn, ní 1962, wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà pínpín ogún Yorùbá, àti pé ìgbà tí ìjà bá wà ni olórí ẹbí lè sọ pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìyá mẹ́ta bá bímọ fún bàbá yẹn, tí ọmọ ìyá méjì péré sì wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kan ti yọ lára àdògán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye ọmọ? Ẹ béèrè fún ìwé ètò ìsìnkú bàbá náà. Nílẹ̀ wa, wọ́n sábà máa ń tẹ̀wé fún àgbà tó bá kú. Orúkọ àwọn ọmọ máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ti àwọn àna àti ọmọ-ọmọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ mẹ́rin ni, tí ìwé ìsìnkú sì ka méje, ẹ ti ríṣẹ́ ṣe.

Ẹ béèrè nípa ìyá ilé náà pẹ̀lú. Lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, nílé ìforúkọsílẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Bí ìyá àgbà kan bá sì ń gbé yàrá kan níbẹ̀, ẹ má rà á kí ẹ tó mọ ibi tó ń lọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí dá:* ẹ ya bàbá, àwọn ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ sórí bébà kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Bí ọmọ kan bá ti kú, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àgbà ẹbí méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ohun tí wọ́n sọ bá bára mu, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo àṣẹ tí wọ́n fi ń tà á

Bí ìwé ìhágún bá wà, ẹ wo ẹni tí bàbá fi ilé náà fún, kí ẹ sì rí i pé ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí, ẹ̀ka probate (tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún) ní Ilé-ẹjọ́ Gíga tó wà ní Adó-Èkìtì ló ń fún àwọn ọmọ ní Letter of Administration. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín gbé nọ́ńbà ìwé náà lọ síbẹ̀ lọ wò. Ẹ má gbà á gbọ́ nítorí pé òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ pọ̀ níbí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe onílé. Alábòójútó ogún ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà. Ẹyọ kan tó ní "àwọn yòókù ti gbà" ò tó.

Power of attorney, ìwé tí ẹnìkan fi ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀, náà ń kó bá èèyàn. Ọmọ Èkìtì pọ̀ lókè òkun, wọ́n sì máa ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nílé. Bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ bá kú, àṣẹ náà bá a kú, àyàfi bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbowó lé lórí tí kò ṣeé gbà padà. Ẹ pe onítọ̀hún lórí fídíò, ẹ rí ojú rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé notary public (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí síwèé) níbi tó ń gbé ló jẹ́rìí sí ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀

Ẹ mú awọnlẹ̀ lọ síbẹ̀. Kó wá òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀, kó fi nọ́ńbà tó wà lórí wọn wé ti ìwé survey. Níbi tí ilẹ̀ ò bá tíì ní survey, pèrègún àtijọ́ ni ààlà sábà máa ń jẹ́. Ẹ ní kí àwọn aládùúgbò ọ̀tún àti òsì dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (olórí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba) ìpínlẹ̀, kó wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé fún títì tàbí iṣẹ́ mìíràn. Survey lásán kì í ṣe ìwé onílẹ̀. Ó kàn ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí ni.

Lọ́yà yín á wá fáìlì ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ohun tó ń wá ni orúkọ ẹni tó wà lákọsílẹ̀, gbèsè báńkì tí wọ́n fi ilé náà dúró fún, àti àkíyèsí kóòtù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Torí náà, bí ìwé baba bá ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìjọba Oǹdó láti Àkúrẹ́ ló fún un. Bó bá ṣáájú 1976, ìjọba Ìbàdàn ni. Bí wọn ò bá rí fáìlì ní Adó, ẹ má rò lójú ẹsẹ̀ pé ayédèrú ni. Ẹ bi wọ́n ibi tí àkọsílẹ̀ ọdún yẹn wà. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní òǹtẹ̀ "Ìpínlẹ̀ Èkìtì" tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 1989, ẹ dá a padà, kí ẹ sì máa lọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dá:* ìròyìn awọnlẹ̀ kan àti ti lọ́yà kan wà lọ́wọ́ yín, kíkọ sílẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí. "Mo ti wò ó, kò séwu" lórí fóònù kì í ṣe ìròyìn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo inú ilé, ayálégbé àti sàréè

Ẹ lọ síbẹ̀ láìsí alágbàtà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí àwọn aládùúgbò bá ti dé. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ máa bá yín gbé ládùúgbò ni. Ṣé kò sí wàhálà lórí ilé yẹn?" Ohun tí ẹni tó ń ta àkàrà níwájú ilé mọ̀, ó lè má sí nínú fáìlì kankan. Ẹ wo ògiri iwájú dáadáa pẹ̀lú, pàápàá níbi tí ọ̀dà tuntun bá ti yàtọ̀ sí ìyókù.

Ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì ṣáájú ò ní kúrò torí pé ẹ ra ilé. Ẹ gba ẹ̀dà rìsíìtì wọn, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà yọ owó tó ṣẹ́ kù lára iye ilé. Ẹ béèrè gbèsè iná náà.

Sàréè wá ńkọ́? Nílẹ̀ Èkìtì, a kì í sábà gbé bàbá onílé lọ jìnnà. Iwájú ilé ni sàréè rẹ̀ máa ń wà, tàbí ẹ̀yìnkùlé. Nínú ilé àtijọ́, inú yàrá gan-an ni. Mo ti wọ ilé kan rí tí àwọn ayálégbé gbé fìríìjì ka orí sàréè. Táìlì funfun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àyàfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo rí orúkọ àti ọdún tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé náà wà lẹ́yìn mi, ó ti jókòó síbẹ̀ mu omi lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Òkú bàbá kì í ṣe ohun tí ọmọ máa ń gbàgbé torí pé ó gbowó. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: ṣé sàréè máa wà níbẹ̀? Ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ lè wá lọ́jọ́ ìrántí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì máa fi sọ fún yín ṣáájú? Bí ẹbí bá fẹ́ gbé bàbá wọn kúrò, àwọn ni kó lọ gba àṣẹ, àwọn ni kó náwó rẹ̀, kí wọ́n sì parí ẹ̀ kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó. Ẹ má fọwọ́ ara yín hú u láé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìpàdé pẹ̀lú ẹbí

Ẹ bẹ olórí ẹbí pé kó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ. Ẹ gbé obì àti ọtí lọ bí àṣà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé owó ilé lọ. Lójú gbogbo wọn, kí lọ́yà yín béèrè ohun mẹ́ta: Ṣé ẹbí fẹ́ ta ilé? Eélòó? Àkáǹtì ta ni owó máa wọ̀? Kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí àwọn tó wà lókè òkun sì gbọ́ ọ lórí fóònù.

Bí ẹnìkan bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ìpàdé, tí kò jẹ obì, tí kò sì fọwọ́ síwèé, ẹ má rò pé ó ti gbà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń padà wá pẹ̀lú ìwé kóòtù.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Àdéhùn kíkọ ló ń ṣáájú owó. Àdéhùn ẹnu lásán lórí ilẹ̀ kì í rọrùn láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù. Bí ẹ bá fẹ́ san àsansílẹ̀, ìdámẹ́wàá ló wọ́pọ̀, kó sì wà lọ́wọ́ lọ́yà títí ìwé á fi pé. Kí àdéhùn sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó náà bí ẹbí bá yí ohùn padà.

Báńkì ni kí ẹ fi san gbogbo rẹ̀, sínú àkáǹtì tí ẹbí dárúkọ ní ìpàdé. Bí dáwódù bá ní kí ẹ fi sí àkáǹtì ìyàwó òun torí pé tòun ní ìṣòro, ẹ dúró. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ kọ pé ẹbí ló gba owó, lórúkọ ẹbí, lórí ilé ẹbí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "ilé mi" nínú rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Fífọwọ́ síwèé

Lọ́yà ni kó kọ deed of assignment. Òfin ò gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láyè láti gbowó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí òǹtẹ̀ lọ́yà sì wà lára rẹ̀.

Bí bàbá àgbà kan bá wà tí kò mọ̀wé, títẹ ìka nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí lédè tó gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti kà á fún un, ó sì yé e, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ìwé náà sì hàn. Mo ti rí lọ́yà kan tó ṣe é dáadáa. Ó jókòó sórí àpótí níwájú bàbá náà, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, ó ń dúró. Níbi tó ti ka "títí láé", bàbá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, tún ibẹ̀ yẹn kà." Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ ìka rẹ̀ sí tàdáwà. Ọmọ kankan ò lè sọ lẹ́yìn ìyẹn pé wọ́n tan bàbá òun.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa ilé lé yín lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí: kọ́kọ́rọ́, ojúlé ojúlé, ààlà ilẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, fífa ilé léni lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí wà lára ohun tó ń mú títà pé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dá:* orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí bébà ìgbésẹ̀ kìíní wà nínú deed, yálà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tà tàbí ẹlẹ́rìí, tàbí ìwé ìfọwọ́sí tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé ìjọba

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró síbi deed. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ní 1989, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo pé èyí kan ilẹ̀ tí kò ní C of O náà. Ní abúlé tí kò sí lára ibi tí gómìnà pè ní ìlú ńlá, ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa lọ bá.

Ètò rẹ̀ lọ báyìí: lọ́yà á kọ̀wé béèrè ìfọwọ́sí, wọ́n á ṣírò owó, ẹ ó san án, wọ́n á lẹ òǹtẹ̀ sára deed, wọ́n á sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì ìjọba. Ẹni tó ní òun á bá yín ṣe é lẹ́yìn ọ́fíìsì, ìwé tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ló máa gbé wá.

Fún ẹ̀yin tó ń ta ilé bàbá yín, ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀: ẹ gba Letter of Administration kí ẹ tó wá ẹni tó máa rà, ẹ sọ fún gbogbo ọmọ, ẹ sọ òótọ́ nípa ayálégbé àti sàréè. Ilé tí ìwé rẹ̀ pé máa ń tà kíá, ó sì máa ń tà lówó.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti parí:* deed padà sọ́wọ́ yín pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti òǹtẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà, ojú-ewé àti ìdìpọ̀ tó wà nínú ìwé ńlá ọ́fíìsì ilẹ̀ sí i lára. Ẹ ní kí lọ́yà padà lọ ṣí ojú-ewé yẹn, kó rí orúkọ yín níbẹ̀ fúnra rẹ̀.